Ẹ̀ṣẹ́ Jàǹdùkú àti Ẹ̀kọ́ Ìjà tí A ń Sanwó Rẹ̀ Fún Àwọn Ọmọ Wa

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí a ti ń gbèrò láti kọ ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, ṣùgbọ́n a ń fà sẹ́yìn, nítorí pé a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Ẹgbẹ́ wa kórìíra ìlọsíwájú, tàbí pé a ń ṣe ìlara àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń fi òógùn ojú wọn jẹun. Nísinsìnyí a kò lè dákẹ́ mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin gbajúmọ̀ ìlú, kò sí ẹni nínú yín tí kò tíì rí wọn: àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wọ aṣọ funfun báláú, tí wọ́n fi bẹ́líìtì aláwọ̀ oríṣiríṣi gba ìbàdí, tí wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ń kọ́ káràtè, wọ́n ń kọ́ júdò, wọ́n ń kọ́ tàìkọ́ńdò. A kò rí ibi kankan nínú èyí. Ó sàn kí ọmọ máa làágùn nínú gbọ̀ngàn ju kí ó máa jókòó ní ìdí ọtí lọ. Ara wọn le, wọ́n mọ ìtẹríba, wọ́n sì máa ń dé lásìkò, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwa àgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá bi àwọn òbí wọn léèrè pé kí ni wọ́n sanwó fún, ìdáhùn kan náà ni a ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn: kí ọmọ mi lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ nìyí. Ǹjẹ́ ohun tí wọ́n sanwó fún ni wọ́n ń rí gbà? A ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ará Ẹgbẹ́ wa, ọmọkùnrin tí ó fi ọdún mẹ́fà kọ́ káràtè tí ó sì ti gba bẹ́líìtì dúdú, ni agbèrò kan gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní gáréèjì nítorí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ńjì. Agbèrò náà kò kọ́ ìjà rí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Ó kọ́kọ́ bú u. Ó sún mọ́ ọn títí imú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Kí ọmọ náà sì tó pinnu èwo ni kí ó ṣe nínú ogún ohun tí ó kọ́, ọwọ́ ọ̀tún ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orí ni ó ṣe é tí ó fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀ kan, tí kò ṣubú lu kọnkéré. Eyín méjì bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kó ẹjọ́ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, èsì tí olùkọ́ fọ̀ ni pé agbèrò yẹn kò gbá ẹ̀ṣẹ́ náà bí ó ti yẹ.

Èsì yìí ni ó fi kálámù lé wa lọ́wọ́.

Bí ó ti yẹ! Ta ni yóò wá lọ sí gáréèjì lọ kọ́ àwọn agbèrò bí a ti í gbá ẹ̀ṣẹ́ bí ó ti yẹ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó lè rí ìjà tí ó bá ẹ̀kọ́ wọn mu? Bí dókítà kan bá sọ fún yín pé oògùn òun dára, àìsàn yín ni kò ṣe bí ó ti yẹ, ǹjẹ́ ẹ ó tún padà lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ẹ̀ṣẹ́ tí à ń wí yìí. Ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ nínú gbọ̀ngàn dà bí ọ̀kọ̀: láti ìbàdí ni ó ti ń jáde, ọ̀nà tààrà ni ó ń gbà, ibi tí a bá jù ú sí ni ó ń dúró sí. Ẹ̀ṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dà bí àdá tí a fi ń ṣán oko. Láti ẹ̀yìn èjìká ni ó ti ń bọ̀, ó ń fẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá, gbogbo ìwúwo ara sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tí ń ṣán oko kì í ṣán ẹ̀ẹ̀kan kí ó dúró máa wò ó. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, ó tó mẹ́sàn-án tí ó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń lò, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ojú ẹni tí a ń lù ni ó sábà máa ń bà. Ẹni tí ń gbá a lè tẹ orí ba, ó lè di ojú, kò sì mọ ibi tí ọwọ́ òun yóò balẹ̀ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó máa ń ṣẹ́: àwọn dókítà eegun mọ eegun àtẹ́lẹwọ́ tí ó so mọ́ ìka kékeré, èyí tí ó máa ń kán nígbà tí òpè bá fi ìkúùkù lu agbárí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ akànṣẹ́ pe eegun kíkán náà, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ akànṣẹ́ jẹ, nítorí pé òpè ni ó ni ín.

Kí ló wá dé tí irú ẹ̀ṣẹ́ játijàti bẹ́ẹ̀ fi ń ba ẹni tí ó kọ́ṣẹ́? Kò sí oògùn níbẹ̀. Láti ìgbà tí ojú bá ti rí nǹkan títí di ìgbà tí ọwọ́ yóò gbéra, ó ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nígbà tí ọkàn balẹ̀ tí ènìyàn sì mọ ohun tí ó ń retí. Bí ó bá ní láti yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ìdáhùn, àkókò náà a gùn sí i. Bí ẹ̀rù bá dé, tí àyà ń lù kì-kì-kì, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í rí kìkì iwájú bí ẹni ń yọjú wo inú ihò, ọwọ́ a sì gbàgbé iṣẹ́ wẹ́wẹ́, a ku kìkì iṣẹ́ ńláńlá tí ó lè ṣe. Jàǹdùkú kò ka èyí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń kọ́kọ́ fi ẹnu jà, tí ó fi ń sún mọ́ ni, tí ó fi ń di ẹ̀wù mú: ó ń jí ìdá kan nínú márùn-ún yẹn gbé mọ́ wa lọ́wọ́ kí ó tó gbé apá sókè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé ìjà ọmọdé ni, pé eyín méjì kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Ní ìpínlẹ̀ Western Australia ní ilẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n ṣe òfin kan ní 2008 fún ẹni tí ó bá gbá ẹlòmíràn tí ẹni náà sì ti ibẹ̀ kú; ìpínlẹ̀ New South Wales ṣe tirẹ̀ ní 2014, lẹ́yìn tí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ti rán àwọn ọ̀dọ́ kan lọ sí ọ̀run ní ìgboro Sydney. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀ṣẹ́ kọ́ ni ó ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni: ẹ̀ṣẹ́ mú iyè lọ, ara ṣubú bí igi, orí sì lu ọ̀nà. Ilẹ̀ ọjà tiwa kò rọ̀ ju ti Sydney lọ.

Nígbà tí a ti mọ ohun tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a padà sí gbọ̀ngàn. A ti jókòó níbẹ̀, a kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ pàṣẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó ké, ó rọ́ wá láti ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ tààrà kan ṣoṣo, ó sì na ọwọ́ náà sílẹ̀ bí ọ̀pá àsíá. Èkejì ráyè: ó gbá ọwọ́ náà dànù, ó gbá a ní ìkúùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwa àlejò pàtẹ́wọ́. Ẹni tí a tẹ́ sílẹ̀ dìde, ó tẹríba, ó rẹ́rìn-ín. Títí di òní, a kò tíì rí agbèrò tí ó na ọwọ́ sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni.

Ìdíje wọn ńkọ́? Nínú ìdíje tàìkọ́ńdò ti Òlíḿpíìkì, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ìkúùkù gbá ojú rárá. Nínú ìdíje júdò, kò sí lílù. Nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ìdíje káràtè, ẹni tí ó bá fi agbára lu ojú ni a ń fi ìyà jẹ. Òfin wọ̀nyí dára fún eré ìdárayá, inú gbogbo wa sì dùn nígbà tí Chika Chukwumerije gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ fún Nàìjíríà nínú tàìkọ́ńdò ní Beijing ní 2008. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe, a kò sì bu ọlá rẹ̀ kù. Ohun tí à ń wí ni pé ọmọ tí ó ń ṣe eré tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbá a lójú kò lè ti ibẹ̀ mọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí a bá gbá a lójú. Kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí, kí ó tó gba owó.

Ó tún yà wá lẹ́nu pé àwọn tí wọ́n dá ẹ̀kọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ kò ní irú èyí lọ́kàn. Anko Itosu, ará Okinawa tí ó mú káràtè wọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé níbẹ̀, kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ ní 1908, ó sì là á yé wọn pé a kò ṣètò ẹ̀kọ́ yìí fún ìfigagbága ẹnì kan sí ẹnì kan, bí kò ṣe láti fi yọ ara ẹni lọ́wọ́ ìpátá bí ó bá di kàn-ńpá. Gichin Funakoshi, tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, gbé e lọ sí Tokyo ní 1922, ó sì gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n mọ ẹ̀ṣẹ́ tààrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ tààrà bá ara wọn ṣeré, tí ọ̀rọ̀ ìpátá sì ń rá díẹ̀díẹ̀. Lóde òní, Patrick McCarthy, olùkọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ìwà ipá tí ó wọ́pọ̀ láàárín ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ kà sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a tó wá ìdáhùn sí i nínú ẹ̀kọ́ àtijọ́. W. E. Fairbairn, tí ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Shanghai ní 1907, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ohun tí ó bá pàdé ní ìgboro ni ó fi ń yọ ẹ̀kọ́, tí ó sì fi ṣe ìwé ní 1926. Jigoro Kano náà, nígbà tí ó dá Kodokan sílẹ̀ ní 1882, fi àwọn ọgbọ́n tí ó lè ṣeni léṣe sí apá kan, ó sì mú èyí tí ènìyàn méjì lè fi gbogbo agbára gbìyànjú lára ara wọn lójoojúmọ́. Àwọn baba ìsàlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà nìyí. Ta ni ó wá kọ́ àwọn olùkọ́ wa ní ti ọwọ́ tí à ń nà sílẹ̀ bí ọ̀pá àsíá?

A mọ èsì tí wọn yóò fọ̀, nítorí pé a ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀: ẹni tí ó lè ṣẹ́gun ẹni tí ó kọ́ṣẹ́, ṣé òpè ni yóò wá ṣòro fún un? Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì tí wọ́n kọ́ ìjà kan náà dà bí onílù àti oníjó tí wọ́n ti mọ ara wọn. Bí ìlù bá ti dún, ẹsẹ̀ a mọ ibi tí yóò tẹ̀. Jàǹdùkú kò lu ìlù kankan. Kò dúró sí ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn máa ń dúró sí, kò mi èjìká bí ó ti máa ń mi í, kò sì sinmi lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ kan. Gbogbo àmì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ láti máa ka ni kò sí lára rẹ̀.

A gbà, síbẹ̀, pé àwọn akànṣẹ́ yàtọ̀. Àwọn kan lára àwọn tí wọ́n ń ka ìwé yìí wà ní pápá Liberty ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger da Gene Fullmer dúró lẹ́yìn abala keje, tàbí kí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn. Ẹni tí à ń gbá ní ẹ̀ṣẹ́ gidi lójoojúmọ́, tí ó sì ti mọ bí ó ti ń dùn, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ agbèrò yóò dá lójú rú. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ ńlá tí ó ń fi bo ojú kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ ní gáréèjì, kò sì sí adarí ìjà tí yóò wí fún agbèrò pé kí ó fi ẹ̀wù sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè tí ó dun Ẹgbẹ́ wa jù. Kí ni àwọn baba wa ń ṣe sí ẹ̀ṣẹ́ àdá yìí? Wọ́n ń wọlé sí i lára. Gídígbò ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dé ìdí èkù, ojú àdá kò lè bà á mọ́. Ẹni tí ó bá ti gbá jàǹdùkú mọ́ra, tí ó lẹ orí mọ́ ọn láyà, tí ó sì ti ká apá tí ń fẹ̀ yẹn mọ́, ti gba agbára ẹ̀ṣẹ́ náà kúrò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bóyá kí ó dá a ni tàbí kí ó tì í kúrò kí ó sì máa lọ. Ní òkè Ọya, àwọn Haúsá ní dambe, tí àwọn alápatà wọn fi ń dánra wò: ọwọ́ kan tí wọ́n fi okùn wé ni ọ̀kọ̀, èkejì tí wọ́n nà síwájú ni asà. Asà ni àwọn ọmọ wa kò ní. Ọ̀kọ̀ nìkan ni wọ́n kọ́ wọn.

Kí a má sì ṣe tan ara wa jẹ pé nǹkan àjòjì nìkan ni ó ń di eré lásán. Kí ni a fi gídígbò ṣe? A sọ ọ́ di ohun tí à ń wò lọ́jọ́ ọdún, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí àwọn onílù tó gba ojú agbo. Ní Salvador, ní Bahia, níbi tí àwọn ọmọ ilé wa tí a kó lẹ́rú gbé òrìṣà wọn dé, irú ohun kan náà fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí capoeira. Òfin ìjọba Bràsíìlì ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti 1890; àwọn tí wọ́n sì ṣì ń ṣe é, Mestre Bimba wò wọ́n, ó rí i pé wọ́n ti ń sọ ọ́ di ìran fún àwọn àlejò. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1932, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 1937. Kì í ṣe pé ó tò wọ́n sí gbọ̀ngàn nìkan. Àwọn tí wọ́n ti gòkè nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó ń mú lọ sínú igbó, tí àwọn ẹlòmíràn a ba dè wọ́n níbẹ̀, tí wọ́n a sì kọlù wọ́n láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ sí ẹnì kan. Ọkùnrin yìí, tí ó tún jẹ́ olóyè ní ilé òrìṣà, mọ̀ pé ẹni tí a kò bá ba dè rí kò mọ ohun tí òun mọ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kò pọ̀. Kí wọ́n yan ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti jẹ́ jàǹdùkú, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, kí ẹnìkejì rẹ̀ dé akoto, kí jàǹdùkú náà sún mọ́ ọn, kí ó bú u, kí ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, kí ó sì máa ṣán ẹ̀ṣẹ́ àdá láìdúró. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀lẹ̀, kí agbára máa gòkè bí ara bá ti ń mọ̀ ọ́n lára. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe ogún: ọwọ́ méjèèjì sókè láti bo orí, ìgbọ̀nwọ́ síwájú, àgbọ̀n sílẹ̀, kí ó wọlé, kí ó gbá a mọ́ra. Bí èyí bá ti wọ ara tán, kí wọ́n tó fi òmíràn lé e. Kí wọ́n ṣe é nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró, kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ àti àpò lọ́wọ́. Kí wọ́n sì kọ́ ọmọ ní ohùn tí a fi í lé ènìyàn sẹ́yìn kí ó tó sún mọ́ni jù, àti bí a ti í fi ẹsẹ̀ fẹ. A kò mọ ìdí tí sísá fi di ìtìjú fún ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Òfin gbà kí ẹni tí a kọlù lo agbára tí ó tó láti fi gba ara rẹ̀ là. Bí jàǹdùkú bá ti ṣubú tí ọmọ wa sì tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ adájọ́ ni yóò ti rí ìyókù ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìjòyè ńkọ́? Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè láti wá pín ẹ̀bùn lọ́jọ́ àfihàn. Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ ní kí olùkọ́ jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ gbá ẹ̀ṣẹ́ gbá a bí ó ti wù ú, kì í ṣe bí wọ́n ti jọ ṣàdéhùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ó rí bí gbọ̀ngàn yóò ti pa rọ́rọ́.

Ní ìpàdé wa ti oṣù tí ń bọ̀, a ó fi àgbàlá Ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún olùkọ́ èyíkéyìí tí ó bá rò pé a purọ́ mọ́ òun. Alábàárù méjì láti inú ọjà ti gbà láti wá. Wọn kò kọ́ ìjà rí. A ó fún wọn ní ìbọ̀wọ́ tí a ki òwú sí nínú, akoto yóò wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, dókítà kan nínú àwọn ará wa yóò sì jókòó tì wọ́n. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ ṣòkòtò àti bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí gáréèjì. A kò fẹ́ aṣọ funfun.